Arúgbó-Ṣoge àti Omi Yèyé

Kí àkùkọ tó kọ ní àgbàlá wa ní Ìkọ̀lé, ọkọ̀ bàbá mi ti máa ń wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò wú u, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni yóò fà á gùn tí páànù òrùlé yóò máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni yóò rọra wálẹ̀ sí ohùn kan tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀, bí ìgbà tí ìyá arúgbó bá ń kùn orin ìjọ sábẹ́ imú. Bàbá mi á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn á wọlé wá sí pálọ̀, wọn á lu agogo kékeré tí wọ́n fi ń pè wá sí àdúrà. Bí a bá fi máa kọ orin kan, tí a ka Bíbélì, tí a gbàdúrà, tí a sì sọ Oore-ọ̀fẹ́, ara ẹ́ńjìnnì á ti yá, bàbá mi á sì mú kọ́kọ́rọ́. Nígbà òjò, orin kan péré la máa ń kọ. Nígbà ọyẹ́, tí irin kì í fẹ́ tètè jí, orin méjì ni, nígbà mìíràn mẹ́ta, bàbá mi á sì máa na etí síta láàárín ẹsẹ kan sí èkejì. Títí di òní, bí àlùfáà bá ń gbàdúrà gígùn nínú ìjọ, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkọ̀ ẹnì kan ni kò tíì gbóná. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan tó fẹ̀yìn tì ní Ọ̀tùn ni bàbá mi ti ra ọkọ̀ náà, ó sì ti dàgbà jù mí lọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ eérú ni, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí àfi láti ìta, bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ sì ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní wíńdò, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì wálẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ á ní, “Ẹ fún mi lọ́wọ́ yẹn,” a ó sì na án sí i bí ìgbà tí a ń na iyọ̀ síra wa nídìí oúnjẹ. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. Ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àlòkù àwọn baba ńlá ni, Yèyé yọjú láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ o. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Arúgbó-Ṣoge, àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá yá a nígbà tí ìyàwó wọn bá ń rọbí.

Bàbá mi kì í ṣe mẹkáníìkì, olùkọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ kan bí wọ́n ṣe mọ ti wọn. Ní gbogbo Sátidé, bí a bá ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán, wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á fi orí ọmọrogùn gbígbẹ kan kan ara ẹ́ńjìnnì, wọn á fi etí lé orí kejì, wọn á dijú. Ìyá mi á ní, “Bàbá Fúnmi, kí ló sọ fún yín?” Wọn á ní, “Ó ní bẹ́líìtì òun dẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Wọ́n ní òfin fún ọkọ̀ náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Mósè: kì í sá eré nígbà tí kò tíì gbóná, kì í sùn nínú oòrùn, omi òjò nìkan ló sì gbọ́dọ̀ wọ inú rédíétọ̀ rẹ̀, nítorí pé omi kànga wa ní nǹkan nínú tó ń jẹ irin. Dírọ́ọ̀mù kan wà lábẹ́ òrùlé tó jẹ́ ti ọkọ̀ nìkan. Ẹni tó bá bù ú wẹ̀ ti dá ọ̀ràn. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni wọ́n máa ń sọ, wọn á sì parí rẹ̀ fúnra wọn, “ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.” Lónìí, èmi náà ní ọkọ̀ tèmi. Bí iná kan bá tàn nínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan á wá fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sì ní fi etí lé nǹkan kan. Ó ń tún un ṣe, mi ò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò rí i kó bi ọkọ̀ náà léèrè ọ̀rọ̀ rí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ìyá mi náà ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí àtijọ́ ni wọ́n ní, ìjọba sì ti kéde pé ẹni tí kò bá ti ní ìwé ẹ̀rí tuntun kí ọdún náà tó parí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Adó ní òpin ọ̀sẹ̀, Arúgbó-Ṣoge ló sì ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Ìdánwò ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Wọn ìbá ti ṣe é lọ́dún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ibà dá àbúrò mi ọkùnrin dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, ìyá mi kò sì lè fi í sílẹ̀. Ní báyìí kò tún sí ààyè míì mọ́. Bí wọ́n bá pàdánù èyí, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù lọ lẹ́yìn ìyá mi ni Yèyé. Àwọn ìyá ọkọ mìíràn máa ń kùn pé kí ni abiyamọ ń wá nílé-ìwé. Yèyé ní tiwọn ló ń pọn àbúrò mi ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n sì ń lé ìyá mi jáde: “Ìyàwó mi, má fojú wẹ̀yìn. Uṣẹ́ ulé ò ní tán láé. Lọ kàwé rẹ.”

Ọyẹ́ ọdún náà le. Dírọ́ọ̀mù abẹ́ òrùlé gbẹ, kànga di ẹrẹ̀, àwọn obìnrin ń jí lọ sódò tó jìnnà kí ilẹ̀ tó mọ́. Epo bẹntiróò tún wọ́n débi pé takisí kò sí lójú ọ̀nà, okadà pàápàá ń dúró sílé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdánwò yóò wáyé, bàbá mi gbé Arúgbó-Ṣoge sí abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní epo inú rẹ̀ ti di ti Adó, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé. Nítorí pé ọkọ̀ kò sí nílẹ̀ tí a ń dúró dè, àdúrà òwúrọ̀ wa wá kúrú lọ́nà tó ya gbogbo ilé lẹ́nu. Kẹ́ẹ̀gì omi òjò kan ni bàbá mi tọ́jú sẹ́yìn ilé ìdáná fún ọjọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n tú omi ògbólógbòó inú rédíétọ̀ dànù, nítorí ó ti pọ́n bí omi ìpẹtà. Ìgbà tí wọ́n wá gbé kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n rí i pé ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdérí rẹ̀ sì ti tú díẹ̀. Ìdajì omi náà ti jò wọ ilẹ̀ lọ. Wọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbé garawa kan sọ́wọ́, wọ́n sì jáde lọ máa wá omi kiri àdúgbò.

Èmi ni mo wà nídìí ilé ìdáná nígbà tí Yèyé dìde. Yèyé máa ń ṣe ògì tà, omidùn orí ògì náà ni wọ́n sì ń fi rẹ àgbo ibà fún wa, nítorí náà kì í wọ́n nínú ìkòkò wọn. Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n fi igbá bu èyí tó tòrò lókè, wọ́n ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì bàbá mi. Nígbà tí èyí tó tòrò kò kún un, wọ́n bu èyí tó wà nísàlẹ̀ náà. Mo mọ òfin omi òjò bí mo ṣe mọ Àdúrà Olúwa. Mo la ẹnu. Yèyé wò mí, wọ́n ní, “Kí lo fẹ́ sọ?” Mo ní, “Kò sí, mà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Omi tí ọmọ ọwọ́ ń mu tí egungun rẹ̀ ń le, kí ló máa fi irin ṣe? Ìyàwó mi á débẹ̀ lọ́la.” Nínú ilé tiwa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé ohun tó ń ṣe kò dára. Mo ti di ìyá ọmọ, mo sì ṣì gbà pé ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ rere fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé wa jẹ́.

Bàbá mi padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n rí kẹ́ẹ̀gì tó kún dẹ́nu nídìí ọkọ̀. Yèyé ti jókòó sáyè wọn, wọ́n ń gbọn àbúrò mi lẹ́sẹ̀ lórí itan. Bàbá mi mọ̀ pé Yèyé máa ń tọ́jú omi òjò sínú ìkòkò yàrá wọn, wọ́n rò pé òun nìyẹn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Yèyé, ẹ ṣeun.” Yèyé ní, “Ọmọ tó ń wá omi, ṣé ìyá rẹ̀ ò ní wá a?” Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ti dí imú bàbá mi látọjọ́ mẹ́ta, wọn ò lè gbọ́ òórùn kankan. Wọ́n mi kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa kí ìkán kan má ṣòfò, wọ́n da púpọ̀ rẹ̀ sínú rédíétọ̀, wọ́n gbé ìyókù sí búùtù. Èmi ń mú iná àtùpà dání fún wọn, mi ò sì sọ̀rọ̀.

A gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì lẹ́yìn orin mẹ́ta. Ìdánwò di aago mẹ́wàá, bí ó bá sì ti di aago mẹ́wàá ààbọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́. Ìyá mi jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé wọn lórí itan, wọ́n fi pọ́dà díẹ̀ sí ojú, wọ́n wọ bùbá tí wọ́n fi ń lọ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Èmi wà lẹ́yìn nítorí iṣẹ́ tèmi: níbikíbi tí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè, èmi ni mo máa ń fò sílẹ̀ láti fi òkúta há táyà. Oko wà lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ewé ti funfun fún eruku. A kò tíì dé Ìtàpá nígbà tí bàbá mi yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. “Ara rẹ̀ ń gbóná,” ni wọ́n sọ. Mo fò bọ́ sílẹ̀, mo há òkúta. Èéfín ń tú níwájú. A dúró kí ó tutù, bàbá mi fi aṣọ nípọn ṣí ìdérí, wọ́n da ìyókù kẹ́ẹ̀gì sí i. A tún rìn díẹ̀, ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí ìdérí ṣí, omi kọ́ ló jáde. Nǹkan funfun kan ló ń rú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń hó pọ̀, pọ̀, pọ̀. Bàbá mi fi ìka kan án, wọ́n fi kan ahọ́n. Wọ́n yíjú sí ìyá mi.

“Ìyá Fúnmi, ẹ̀kọ ni.”

“Ẹ̀kọ wo?”

“Ẹ̀kọ tó ti jinná. Inú rédíétọ̀ ni wọ́n ti se é.”

Ẹkún ni mo fi jẹ́wọ́. Mo sọ ohun tí mo rí àti ohun tí Yèyé wí, mo sì sọ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n n kò lè sọ. Mo ń dúró de ìfọ́tí. Ìyá mi jáde nínú ọkọ̀, wọ́n bojú wo ọ̀nà iwájú, kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn, kò sí. Wọ́n fi etí aṣọ bojú, wọ́n sunkún, èjìká wọn ń mì, bàbá mi sì dúró tì wọ́n. Inú mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè fẹnu sọ lọ. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, pọ́dà ti lọ. Wọ́n ní, “Omi àgbo ọmọ ni Yèyé bù fún mi. Kò kù sí ìkòkò mọ́.” Wọ́n jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ṣí ìwé wọn. “Bàbá Fúnmi, ẹ ṣe ohun tí ẹ lè ṣe. Èmi náà á máa ṣe tèmi.”

Bàbá mi ká apá aṣọ sókè. Wọ́n tú rọ́bà òkè, wọ́n tú ti ìsàlẹ̀, wọ́n yọ irin kékeré kan tó ń sé omi láàárín, wọ́n sọ ọ́ sápò. Gbogbo rẹ̀ ti dí. Omi ló kù, kò sì sí omi. Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí àwọn obìnrin Ìtàpá bẹ̀rẹ̀ sí í ti odò bọ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú garawa omi lórí. Ìyá àgbà kan ló síwájú. “Ẹ kú ùrìn o. Kí ló ṣe ọkọ̀ in?” Bàbá mi ṣàlàyé, wọn ò fi ìtìjú bò ó. Ìyá àgbà náà wo ìyá mi àti ìwé orí itan wọn. Wọ́n ní, “Èyí tó ń kàwé lẹ́bàá ọ̀nà yìí ló ń lọ ṣe ùdánwò?” Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sọ garawa kalẹ̀. “Ẹ gba tèmi.” Omi tí wọ́n ti ń rìn láti òru nítorí rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kejì wò wọ́n, òun náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí omi bú Yèyé ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu gbogbo wa, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín.

Garawa márùn-ún ni wọ́n sọ kalẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí. Bàbá mi á da omi sí i, wọn á yí ẹ́ńjìnnì, wọn á tú u dànù. Ti àkọ́kọ́ nípọn bí ẹ̀kọ mímu, èyí tó tẹ̀ lé e rí bí omi ìfọrẹsì, kí ó tó wá máa mọ́ bọ̀. Láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bi ìyá mi ní ìbéèrè. “Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kí ni olùkọ́ máa ṣe fún un?” Ìyá mi á dáhùn, bàbá mi á ní, “Ó ku ọ̀kan,” ìyá mi á sì rántí ọ̀kan náà. Èmi ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ dúró tì wọ́n, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì di òkúta mú. Mo ti rí àwọn tọkọtaya tó ń lọ sí òkè òkun fún ìgbádùn, tí wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. N kò tíì rí méjì tó wù mí bí méjì ọjọ́ yẹn, tí ọ̀kan dúdú fún ọ̀rá dé ìgúnpá, tí èkejì ń ka ìwé sí i létí.

Nígbà tí a tún gbéra, bàbá mi tan hítà ọkọ̀ dé òpin, kí ó lè máa fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ọyẹ́ ń gé ènìyàn ní ìta, àwa ń jóná nínú. Mo ń yí gíláàsì tèmi wálẹ̀, mo ń na ọwọ́ rẹ̀ sí ìyá mi kí wọ́n yí tiwọn. A kọjá Oye, a kọjá Ìfàkì, a kò yára, bàbá mi kò sì mú ojú kúrò lára abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ara ọkọ̀ ṣe gbóná. Aago mẹ́wàá lù nígbà tí a ṣì wà lọ́nà. Ìyá mi pa ìwé dé, wọ́n dijú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa nígbà tí a wọlé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo bùbá tó rin fún òógùn, ó wo bàtà tó kún fún ẹrẹ̀, ó ní, “Màmá, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá ni?”  Ìyá mi ti ń sáré wọlé.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí a tó padà dé Ìkọ̀lé. Yèyé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àbúrò mi lẹ́yìn, ó hàn pé wọ́n ti dúró tipẹ́. Wọn ò kí wa kú àbọ̀ pàápàá. “Ìyàwó mi, ṣé omi mi gbé in dé ọ̀hún?”

Mo wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo òrùlé. Ìyá mi fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú bùbá Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa náà lọ́rùn. “Ó gbé wa dé, Yèyé. Mo ṣe ìdánwò náà. Ẹ ṣeun, mà.”

Ìyá mi yege, wọ́n sì kọ́ni títí wọ́n fi di ọ̀gá ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó kí Yèyé kú oríire tí wọn ò sọ fún pé omi àwọn ló gbé ìyàwó àwọn dé Adó. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kẹ́ẹ̀gì omidùn kan á ti wà nídìí Arúgbó-Ṣoge. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀, wọn á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí búùtù. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọn á wa ọkọ̀ kọjá afárá, níbi tí ojú Yèyé kò lè tó, wọn á da omi náà sẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi omi tó mọ́ ṣan kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa, tinú tẹ̀yìn, kí Yèyé lè rí i rọ omi sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.